Kíkà error lẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo rí ní bootcamp

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé ó yẹ kéèyàn máa sanwó bootcamp orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù kíákíá, nígbà tí fídíò ọ̀fẹ́ kún YouTube dẹ́nu. Ìbéèrè gidi ni, torí freeCodeCamp, ìkànnì tó ń kọ́ni ní kóòdù, ti wà látọdún 2014, ọ̀fẹ́ ni, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ èèyàn ńbẹ̀ nípa HTML, CSS àti JavaScript, àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, ò kéré rárá. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé 3MTT, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ará Nàìjíríà níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, jáde lọ́dún 2023, mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní Abuja. Tẹ́nì kan bá wá ń sọ pé kóòdù lẹ máa sanwó fún, ẹ má dá a lóhùn jàre. Ohun tó tó owó ní bootcamp tèmi ni àwọn èèyàn tá a jọ wà ńbẹ̀, àti bí tíṣà wa ṣe fi dandan lé e pé ká máa ka error, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ tí kóòdù bá kọsẹ̀, ká sì mọ̀ ọ́n béèrè.

Aago méje alẹ́ tiwa ni kíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀. Kenya ni tíṣà wà, aago mẹ́sàn-án ti lù lọ́dọ̀ tiẹ̀, síbẹ̀ kì í kánjú. Kò sẹ́ni tó gbé ìṣòro wá tí kì í bi ní nǹkan mẹ́ta: kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, kí ló wá ṣẹlẹ̀, kí ni error yẹn sọ gan-an? Tó o bá ní "kò kàn ṣiṣẹ́ ni", á dákẹ́, á máa retí ẹ. Kò sì gba fọ́tò síkíríìnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, ó ní ká da kóòdù yẹn kọ síbẹ̀ kóun lè fi ọwọ́ ara òun dán an wò.

Ẹ jẹ́ n fún yín lápẹẹrẹ kan tí gbogbo ẹni tó bá ń kọ JavaScript á bá pàdé: TypeError: Cannot read properties of undefined (reading 'oruko'). Ẹni tí ò bá mọ̀ á rí ọ̀rọ̀ pupa yẹn, á lọ tún ibi tó kọ oruko sí ṣe, á tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ rọra kà á. Kọ̀ǹpútà ní òun fẹ́ mú oruko jáde látinú nǹkan kan, àmọ́ nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ òun. Oruko kọ́ ló níṣòro, ohun tó yẹ kó gbé e dání ni ò tíì dé, lọ́pọ̀ ìgbà torí pé dátà ṣì ń bọ̀ láti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, ni. Abẹ́ ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ Python, èdè kóòdù mìíràn, lẹ ń kọ, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí.

Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni pọ́rọ́jẹ́ẹ̀tì tá a fi parí. Wọ́n pín wa sí gírúùpù, ẹnì kan ní Ìlọrin, ẹnì kan ní Jos, ẹnì kan ní Kánò, èmi ní Kubwa. A ṣe ìwé àjọ kan sórí kọ̀ǹpútà tí alájọ lè máa fi kọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀ àti iye tí wọ́n dá, ìyá kan tó ń gba àjọ lọ́jà Kubwa ló sì bá wa dán an wò. Orúkọ ti kún inú ẹ̀. Ìyá tẹ Ṣọlá síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí Ṣọlá kankan, bẹ́ẹ̀ Ṣọlá wà nínú ìwé níwájú wa gbangba. Ìyá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta wá nìyí tí mò ń wò yìí?"

Kò sí error kankan o, nǹkan kan ò pọ́n lójú síkíríìnì. Mo kọ ìbéèrè náà sí gírúùpù bí tíṣà ṣe kọ́ wa, ohun tá a fẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, kóòdù ibi tó ti ń wá orúkọ. Ọmọ Kánò yẹn ló dáhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi kọ̀ǹpútà pé báwo ni Ṣọlá méjèèjì ṣe gùn tó." Mo tẹ length, tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, ọ̀kan jẹ́ 4, èkejì jẹ́ 7. Ojú èèyàn ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn láé. Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà méjì ni Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, gbà láti kọ lẹ́tà alámì. Ṣ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì tún lè jẹ́ S lásán tí wọ́n wá fi àmì sàlẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti á. Orúkọ tẹ́nì kan dà kọ láti ibòmíràn wá lè jẹ́ irú kejì, èyí tí ìyá tẹ̀ jẹ́ irú kìíní, kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. normalize("NFC"), tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ di ẹyọ kan, ló tún un ṣe, ó ti wà nínú JavaScript látọdún 2015, ẹ kàn máa lò ó fún orúkọ tẹ́ ẹ fi pamọ́ àti èyí tẹ́ ẹ ń wá, kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra.

Kò wá tán síbẹ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí nǹkan lórí fóònù, Sola lásán lẹ máa rí. Fún ìyẹn, NFD la lò, tó ń tú lẹ́tà àti àmì kúrò lára wọn, a wá yọ àwọn àmì kúrò. Ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ nìkan la ti yọ ọ́ o! Orúkọ èèyàn tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ wà bó ṣe kọ ọ́, ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń ha àmì orúkọ wa dànù bí ìdọ̀tí. Ọmọ Kánò wá sọ pé ti Hausa tún yàtọ̀, torí ƙ, ɗ àti ɓ jẹ́ lẹ́tà fúnra wọn, kò sí àmì kankan tí NFD lè tú kúrò lára wọn, ọwọ́ lòun fi kọ tábìlì tó so ƙ mọ́ k àti ɗ mọ́ d. Mi ò bá ẹ̀kọ́ yìí pàdé nínú fídíò kankan, ara ẹni tó ti jìyà ẹ̀ ni mo ti rí i.

Ní ti iná àti dátà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ púpọ̀. Git, ohun tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, tí Linus Torvalds ṣe lọ́dún 2005 ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó commit, ìyẹn kẹ́ ẹ fi àyípadà yín pamọ́, gbogbo ìtàn iṣẹ́ yín wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o lọ sí GitHub, ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó o wá láti ibẹ̀ ló ń jẹ dátà. DevDocs, ìkànnì tó kó àlàyé àwọn èdè kóòdù jọ, náà ṣeé fi pamọ́ kẹ́ ẹ máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Banex, ẹ má gba èyí tí RAM ẹ̀ kéré sí 8GB, kó ní SSD, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà ẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó owó sílẹ̀.

Ìyá alájọ ti wá ní kí ìwé náà máa ṣí lórí fóònù òun nígbà tí dátà bá tán, torí àárín ọjà lòun ti ń lò ó. Ìyẹn là ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, service worker àti IndexedDB, àwọn nǹkan tó ń jẹ́ kí ìkànnì ṣiṣẹ́ kó sì fi dátà pamọ́ sórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń kà ká. Ẹni tó bá ti ṣe é rí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀, kóòdù ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o, ẹ má ya fọ́tò síkíríìnì.