Máàsì Haydn tí kò ní fèrè: ohun tí mo kọ́ nípa bí a ṣe ń pèsè rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó pín ìwé orin fún akọrin kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí Joseph Haydn, akọ̀wé orin, ní lọ́wọ́ àti ohun tí kò ní nígbà tó ń kọ Missa in angustiis, máàsì (orin ìsìn Kátólíìkì lédè Látìnì) tí gbogbo ayé ń pè ní Nelson Mass. Láti ọjọ́ 10 oṣù Keje sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1798 ló fi kọ ọ́, ní Eisenstadt ní ilẹ̀ Austria. Ọmọọba Nikolaus Kejì ti ìdílé Esterházy, ọ̀gá rẹ̀, ti dá àwọn afọnfèrè dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí flute, kò sí oboe, kò sí clarinet. Ó ku ipè trumpet mẹ́ta, ìlù timpani, dùùrù àti àwọn ohun èlò olókùn. Fèrè ló sábà máa ń kún àárín irú orin yìí, tó ń gbé áátò àti ténọ̀, ohùn àárín akọrin, ró. Níbí, àárín ṣófo, akọrin tó bá ṣìnà kò sì ní ibi tó máa sá pamọ́ sí.

Torí náà, ẹ yẹ ìwé tí ẹ fẹ́ yá wò dáadáa. Àwọn ẹlòmíràn ti fi fèrè kún orin yìí lẹ́yìn tí Haydn kọ ọ́, wọ́n sì gba nínú iṣẹ́ dùùrù fún fèrè. Bí ẹ bá rí oboe nínú àwọn ìwé tó dé, ẹ̀dà yẹn nìyẹn. Ẹ má ṣe da ẹ̀dà méjèèjì pọ̀. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí líle ohùn rẹ̀ bá orúkọ tí Haydn fún un mu: máàsì ìgbà ìpọ́njú. Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo báà (ìpín kéékèèké tí a fi ìlà pín orin sí) nínú ìwé akọrin àti ti olóhun èlò, torí lẹ́tà A, B, C tí a fi ń sàmì sí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dà kan kì í bá ti òmíràn mu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó fún akọrin 40 tó ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Kyrie, apá àkọ́kọ́ máàsì. Ibi tí ohùn ti ń lé ara wọn ní ìparí Gloria (apá kejì) àti ní Dona nobis pacem (ìparí máàsì) ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó wọ ara. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìlù (bíìtì orin, kì í ṣe timpani), láìkọrin, fún ọjọ́ méjì gbáko.

Credo, apá ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ló ń tan èèyàn jẹ jù. Sópúránò àti ténọ̀ á gbéra pọ̀, áátò àti báàsì á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn báà kan pẹ̀lú orin kan náà, ní ìsàlẹ̀. Ó rọrùn lójú ìwé. Àmọ́ bí áátò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu sópúránò, ẹnu rẹ̀ á fò lọ síbẹ̀, báà kan ti sọnù nìyẹn. Ẹ pín yàrá sí méjì, kí wọ́n kọjú síra. Kí àwọn aṣáájú kọrin jẹ́jẹ́, kí àwọn atẹ̀lé kọ ọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Nígbà tí wọ́n bá lè ṣe é láìsí dùùrù ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Lórí Látìnì, èdè wa fúnra rẹ̀ ló ń dá àṣìṣe sílẹ̀, ó sì yẹ ká mọ ìdí. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Nítorí náà “Patris” á di “Patirisi”, “Deum” á di “Deumu”. Ìró tí wọ́n fi kún un ń gba àkókò, ẹgbẹ́ á sì pẹ́ dé orí ìlù tó tẹ̀ lé e. Ti “n” tún burú jù: nínú “ìyẹn” tàbí “ọ̀run”, imú ni “n” ń gbà jáde, ahọ́n kì í kan òkè ẹnu. Bí akọrin ṣe ń kọ “Amen” àti “eleison” náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì dà bí ẹni tí kò parí. Ẹ ní kí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín òkè, kó dúró síbẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlù tí yóò bọ́ sí gan-an. Fún “pacem”, ẹ yan “patsem” ti àwọn ará Austria tàbí “patṣem” ti Ítálì, kí gbogbo ẹnu jẹ́ ọ̀kan. “Paṣem” kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń lo sol-fa, ẹ ṣọ́ ibi tí Kyrie ti parí tí Gloria bẹ̀rẹ̀. Kyrie wà nínú D minor, níbi tí D ti ń jẹ́ l (lah). Gloria wà nínú D major, D kan náà sì ti di d (doh). Ìró kò yí padà, orúkọ rẹ̀ ló yí. Ẹ jẹ́ kí dùùrù di D mú, kí gbogbo wọn kọ l, kí wọ́n sì kọ d lórí ìró yẹn láìmí sí àárín.

Ipè ayé àtijọ́ kò ní bọ́tìnnì, ohùn rẹ̀ kò sì wúwo tó ti òde òní. Ẹ wá afọnpè tó ní trumpet D. Ẹ sọ fún un pé “forte” (sókè) inú ìwé rẹ̀ jẹ́ mezzo forte (sókè díẹ̀), àfi ní ìparí Benedictus, apá kan lẹ́yìn Credo, níbi tí ipè àti ìlù ti ń bú jáde. Ibẹ̀ ni kó tú ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu ipè kọjá níwájú akọrin, kó má kọjú sí ẹ̀yìn àwọn violin. Igi líle, tí kò ní òwú lórí, ni kí onílù fi lu D àti A rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ pa ìró náà lójú ẹsẹ̀. Nínú ilé ìjọsìn onísìmẹ́ńtì, ìlù tí a kò pa máa ń gbé ọ̀rọ̀ akọrin mì. Fún olókùn, violin àkọ́kọ́ mẹ́fà, èkejì márùn-ún, viola mẹ́ta, cello mẹ́ta àti double bass kan tó fún akọrin 40.

Ìró dùùrù ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, torí dùùrù onípáìpù kò ṣeé tún ṣe lójú agbo. Ooru sì ń gbé ìró páìpù sókè bó ṣe ń rẹ okùn violin sílẹ̀: nígbà tí ìjọ bá kún, àwọn méjèèjì á ti jìnnà síra. Ẹ tan fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ní wákàtí méjì ṣáájú, bí gbọ̀ngàn ṣe máa wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó tún okùn ṣe. Ẹ tún un yẹ̀ wò kí Credo tó bẹ̀rẹ̀.

Adánìkànkọ sópúránò ní iṣẹ́ tó le láti Kyrie gan-an. Ẹ má jẹ́ kó kọ ọ́ tán pátápátá lọ́sàn-án ọjọ́ eré. Kó fi ohùn kékeré tọ́ka sí i. Iṣẹ́ ń bọ̀ lára adánìkànkọ báàsì náà ní Qui tollis (inú Gloria), ẹ jẹ́ kó jókòó títí tí yóò fi kàn án.

Dona nobis máa ń sáré lọ́wọ́ akọrin tó ti rẹ̀. Kí olùdarí máa wo cello, kó má wo sópúránò, torí cello ni yóò di ìlù mú. Kí ẹnikẹ́ni má sì pa ìwé dé títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi wálẹ̀.