Ẹ̀rín ọmọ mi, ẹkún ọmọ ọlọ́mọ

Ìyá ọkọ mi gbà pé ẹkún ni ìyá fi ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ogún ọmọ ì báà máa ké pa pọ̀ nínú yàrá kan, Mọ́ọ̀mì ní àwọn á mọ tàwọn láì lajú. N ò bá wọn jiyàn, wọ́n ti tọ́ mẹ́fà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ara tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Mọ́kọ́lá, bí ọmọ oníbàárà bá ti figbe ta, ọmú mi á sẹ̀, wàrà á rin bùláòsì mi, èmi á wá máa wá ìborùn tí n ó fi bo àyà. Ọmọ ọlọ́mọ o! Tèmi ń sùn lórí ẹní lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, kò tilẹ̀ mira.

Nítorí ẹ̀ ni ìwádìí kan tí mo kà lóru níbi tí mo ti ń fọ́mọ lọ́mú ṣe wọ̀ mí lára. Lane Strathearn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní Baylor College of Medicine ní Houston, Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní 2008. Wọ́n ní kí ìyá 28, àkọ́bí ni gbogbo wọn bí, dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n wá ń fi fọ́tò ọmọ wọn hàn wọ́n: èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ti ń sunkún, èyí tí ojú rẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń da fọ́tò ọmọ tí wọn ò mọ̀ rí pọ̀ mọ́ ọn. Bí ìyá bá rí ẹ̀rín ọmọ tirẹ̀, àwọn ibi tí dopamine, èròjà kan tó ń gbé ìròyìn kiri, ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, tó máa ń jí bí nǹkan adùn bá kan èèyàn, á ta kìjí. Ẹ̀rín ọmọ ẹlòmíì ò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ojú ẹkún wá ńkọ́? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tọmọ ẹni àti tọmọ ọlọ́mọ ò tó nǹkan.

Fọ́tò kì í ṣe igbe ṣá, n ò ní gbé e lọ bá Mọ́ọ̀mì pé mo jàre.

Ẹ̀rín Dárà, òun ni mo mọ̀ dáadáa. Á kọ́kọ́ wò mí bí ẹni ń wo onígbèsè, á ká imú sókè, ìgbà náà ni eyín méjì ìsàlẹ̀ á wá yọ. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì nìyẹn. Oníbàárà á ní, “Ìyá Dárà, òwàḿbẹ̀ mi Sátidé yìí o!” Èmi á ti máa ki Àbẹ̀kẹ́ mi ní tèmi.

Ọkọ mi bi mí bóyá ti bàbá náà ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí tí Eyal Abraham, Ruth Feldman àtàwọn yòókù ṣe ní Ísírẹ́lì fún un, tó jáde ní 2014: àwọn bàbá tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń tọ́ ọmọ, tí kò síyàá nílé, ibi tó ń ta wá lólobó ewu nínú ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ bíi ti ìyá. Inú ẹ̀ dùn. Aago méjì òru ni, Dárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní ó yá, kó gbé e. Ó ní ọpọlọ tòun ti sùn.