Ìwé 17 àti ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tó sọnù

Ìwé 17 ni mo kà parí lọ́dún yìí. 30 ni mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ fi báírò pupa yí i po. Ìwé 5 ni mo pa tì lágbede méjì. Ẹyọ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí tí mi ò tíì kà dé ìdajì. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, iṣẹ́ alẹ́ ní kẹ́míìsì ló jẹ gbogbo àsìkò mi. Ẹni tó bá ti dúró nídìí káńtà títí di aago mẹ́wàá alẹ́, bó bá fi máa ka ojú ìwé mẹ́ta, oorun á ti gbé e lọ.

Yàtọ̀ sí méjì péré, ìtàn àràmàǹdà ni gbogbo wọn: ìtàn iwin àti oṣó, dírágónì, igbó tí ènìyàn ń wọ̀ tí kì í jáde bó ṣe wọ̀ ọ́. Irú èyí tí òyìnbó ń pè ní fantasy. Òun ni mo fẹ́ràn láti kékeré, títí di òní náà ni.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé nílé mi ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì, èmi, àti ìyá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́. Bí mo bá ti gbé gúgúrú àti ẹ̀pà kalẹ̀, Màmá á wò wá lójú yíká, wọn á ní, "Ó yá, kí ló wà lọ́wọ́ yín?" Kálukú á wá sọ ìwé tó ń kà, ibi tó kà á dé, àti ibi tó ti gbá a mú. Ní oṣù kẹta, mo sọ pé mo ti parí ìwé kan tí mi ò tiẹ̀ tíì ṣí. Ó dùn mí pé mo purọ́ fún wọn. Mo jẹ́wọ́ ní oṣù kẹrin, Màmá sì ní kí n bu ẹ̀pà sí i.

Ìwé tí mo fi ṣí ọdún ni A Wizard of Earthsea, tí Ursula Le Guin, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ní 1968. Ged ni ọmọ tí ìtàn náà dá lé, kì í sì í ṣe aláwọ̀ funfun. Awọ pupa rúsúrúsú ni òǹkọ̀wé fún un. Ní ayé inú ìwé yẹn, oṣó kò lágbára lórí ohunkóhun àfi bó bá mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Kálukú ló ní orúkọ tí wọ́n ń pè é níta, ó sì ní èyí tó fi pamọ́ tí ẹni tó fọkàn tán nìkan mọ̀. Nítorí pé Ged mọ orúkọ dírágónì kan ló ṣe kápá rẹ̀.

Mo ti ń sọ ọ́ tìyanu-tìyanu nígbà tí Màmá Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí wá ni àwọn ọlọ́fọ̀ ń ṣe?" Mo dákẹ́. Lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọfọ̀ sí ewé tàbí sí ejò, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ bá a sọ: orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ láyé àtijọ́ rèé, orúkọ ìyá tó bí ọ rèé, o ò gbọdọ̀ kọ ohun tí mo bá rán ọ. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré nínú fíìmù àìmọye ìgbà, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi padà sọ́dọ̀ D. O. Fágúnwà. Mo ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ìdánwò ni mo kà á fún. Mo há orúkọ àwọn akọni sórí, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, mo sì gbàgbé wọn kí n tó délé lọ́jọ́ ìdánwò. Lọ́dún yìí, mo kà á sókè nínú yàrá, ojú ìwé márùn-ún márùn-ún, nítorí pé ojú lásán kì í gbé Fágúnwà. Etí ló ń gbé e. Ọdún 1938 ni ìwé yẹn jáde. The Hobbit tí Tolkien kọ, 1937 ni. Nígbà tí ìwé òyìnbó yẹn ṣì ń run tádàwà tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, olùkọ́ kan, ọmọ Òkè-Igbó, ti kọ Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ó ń dùn mí bí ẹni tó fẹ́ràn irú ìtàn yìí bá mọ ọ̀kan tí kò sì gbọ́ èkejì rí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé ẹ̀kọ́, mi ò kíyè sí bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló wọlé tọ òǹkọ̀wé lọ, tó ní kó mú kálámù àti tákàdá, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá á tún dé, èrò tó wá gbọ́ á sì ti pọ̀ ju ti àná lọ.

Ní oṣù keje, mo ra Igbó Olódùmarè, ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1949, lọ́wọ́ ẹnì kan tó pàtẹ ìwé sẹ́bàá títì. Owó rẹ̀ kéré jù, ó yẹ kí n ti fura. Mo kà á dé ibi tí Olówó-Ayé àti Èṣù-kékeré-òde ti kojú ara wọn tí wọ́n ń fẹnu jà kí ìjà tó dé. Mo ṣí ewé kejì, ojú ìwé 33 ni mo bá. Mo wo ẹ̀yìn, 16 ló wà níbẹ̀. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Nígbà tí mo dá a padà, ẹni tó tà á ní òun kò mọ̀ mí rí. Inú bí mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ìwé tí ẹnì kan fi ọpọlọ rẹ̀ kọ, wọ́n jí i tẹ̀, wọn ò tún tẹ̀ ẹ́ pé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe Màmá Tíṣà lórí fóònù. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Èṣù-kékeré-òde wá sọ?" Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí, mo gbọ́ tí wọ́n ń wá jígí ojú. Wọ́n ní, "Mú nǹkan ìkọ̀wé." Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà kan tí mo kó wálé láti kẹ́míìsì ló wà nítòsí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì sáàárín èjìká àti ọrùn. Wọ́n ń kà, mo ń kọ. Alẹ́ márùn-ún la fi ṣe é. Bí mo bá ti kọ ojú ìwé kan tán, mà á kà á padà fún wọn, wọn á sì dá mi dúró: "Rárá, ọkọ̀ kọ́, ọkọ́ ni. Fi àmì sí i." Ní alẹ́ kẹta, mo gbọ́ tí iná lọ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Mo rò pé ó parí fún ọjọ́ yẹn. Ohùn wọn kò dúró. Wọ́n ń bá a lọ láti orí, wọn ò kọsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ki oríkì ọmọ rẹ̀.

Ewé tí mo kọ yẹn, mo ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an mọ́ àárín ìwé náà. Nínú ìwé 17, òun ló ṣe iyebíye sí mi jù.

Ọ̀rẹ́ mi ará báǹkì ló fún mi ní ìwé Wole Talabi, Shigidi and the Brass Head of Obalufon, tó jáde ní 2023, níbi tí Ṣìgìdì ti lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ ayé àtijọ́, kó ní mùsíọ́ọ̀mù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Ohun tó mú kí n dìde jókòó ni pé ọdún 1938, ọdún tí Ògbójú Ọdẹ jáde, náà ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum títí di òní. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ń bá ìwé Amos Tutuola jà, ọmọ Yorùbá tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn iwin. Ní oṣù karùn-ún, ó ní Gẹ̀ẹ́sì bàbá náà ti bàjẹ́ jù. Mo ní kó kà á bí ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, òun ló ń ka ibi ọkùnrin rírẹwà tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sókè fún wa, tí gúgúrú fi tutù.

Nínú ìwé 5 tí mo pa tì, mẹ́ta ló fi Ṣàngó àti Ọya ṣe ẹ̀gbà ọrùn: orúkọ wà, ìwà kò sí. Mi ò ní padà sí wọn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ìwé Fágúnwà ti 1954. Màmá Tíṣà ló yá mi. Wọ́n fi ìwé ìròyìn bò ó lẹ́yìn, wọ́n kọ orúkọ wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ padà sílé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kìn-ín-ní. Mo wà ní ojú ìwé 41.