Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì Ọ̀gá: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, ọ̀sẹ̀ 1 sí 6

Ọ̀sẹ̀ 1

Iṣẹ́ tí mo gbé síwájú ara mi lọ́tẹ̀ yìí ò tóbi rárá. Akọ ẹṣin tí mò ń tọ́jú, ọmọ ọdún mẹ́rin, Ọ̀gá lorúkọ ẹ̀, ìwà ọ̀gá ló sì ń hù, mo kàn fẹ́ kó máa gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi láìjà, kí n lè máa họ ìdọ̀tí abẹ́ pátákò ẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń gé pátákò náà sì ráyè ṣiṣẹ́ tó bá dé. Gígùn ò tíì kàn. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó lọ dúró sídìí ẹran tó tó 450 kílò kó ní kó gbẹ́sẹ̀.

Pátákò ẹṣin ò yàtọ̀ sí èékánná tiwa, ó ń hù bíi séńtímítà kan lóṣù tàbí kó dín díẹ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé e lọ́sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Irinṣẹ́ ò pọ̀: ìjánu okùn tí mo fọwọ́ ara mi ta, kò ní irin ẹnu, irin kọdọrọ tí mo fi ń họ pátákò, búrọ́ọ̀ṣì líle kan, fóònù tí mo fi ń ya fídíò.

Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ò gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mo máa ń fọwọ́ ra á láti èjìká wálẹ̀, tí mo bá dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ màá rọra fún iṣan ibẹ̀, ó ti gbé e nìyẹn. Ẹ̀yìn ọ̀tún, ó ṣe é mú díẹ̀. Ẹ̀yìn òsì, hmm.

Ọ̀sẹ̀ 2

Ó burú sí i. Ó máa gbé ẹsẹ̀ o, àmọ́ kí n tó ka ení èjì ó ti já a gbà pẹ̀lú agbára, èmi náà á sì tètè fi sílẹ̀ torí mi ò fẹ́ kó tú mi léyín. Lọ́jọ́ Thursday inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn, mo tún fi ìdí okùn nà án nínú ikùn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Sọ́jà Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Xenophon ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún 2,300 sẹ́yìn pé kéèyàn má fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó na okùn yẹn.

Bàbá kan tó ti bá ẹṣin ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n ń wò mí, nígbà tó yá wọ́n ní, "Ẹṣin yìí mọ̀ ọ́n kọ́ o." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n ní, "Ìwọ ni ẹṣin ń kọ́. Ìgbà wo lo máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀? Ṣebí ìgbà tó bá já a ni. Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé o ò ní máa já a?"

Mo délé, mo wo fídíò. Ìgbà mọ́kànlá ni mo gbé ẹsẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo fi sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe já a. Háà! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lẹ́nu ni, pé fífà àti títẹ̀ kọ́ ló ń kọ́ ẹṣin, ìgbà tí ọwọ́ bá kúrò lára ẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ kọ́ ọ ní jíjá ẹsẹ̀ gbà, ó sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ 3

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò tiẹ̀ bèèrè ẹsẹ̀ mọ́. Ẹṣin tó bá máa gbé ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ara ẹ̀ lé mẹ́ta tó kù, ìyẹn gan-an ni mo sọ di gbogbo iṣẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, mo gbé ọwọ́ kan lé e, ọwọ́ kejì ń ra ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, bí mo bá ṣe rí i pé ara ẹ̀ yí sọ́tùn-ún báyìí, mo ká ọwọ́ kúrò, mo sún sẹ́yìn, mo ka ení dé ẹẹ́wàá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká ẹ̀ tán, àfi iwájú imú pẹ́kípẹ́kí àti ẹ̀yìn ìrù gangan, torí náà ọwọ́ tó wà nídìí ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí mo wà.

Ẹ sì rántí ibi tí ẹṣin ti wá. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé apá odò Volga àti Don, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ni àwọn ẹṣin tí à ń sìn lónìí ti tàn káyé, ní nǹkan bí ọdún 4,200 sẹ́yìn. Ẹran pápá gbalasa ni, eré ló fi ń gba ara ẹ̀ là. Kó wá fi ẹsẹ̀ kan sọ́wọ́ ẹ, nǹkan ńlá ni.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Sátidé, ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kí ọwọ́ mi tó débẹ̀. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa yangàn, ni mo bá dán nǹkan wò: mo na ọwọ́ síbẹ̀ àmọ́ mi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò gbé nǹkan kan. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ló ń wò! Ó dà bí ọ̀rọ̀ Hans, ẹṣin Jámánì tí olówó ẹ̀, Wilhelm von Osten, sọ pé ó mọ ìṣirò, tó ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ láti ka ìdáhùn. Ní 1907 Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí, wádìí ẹ̀, ó rí i pé ara ẹni tó ń bèèrè ìbéèrè ni ẹṣin náà ń wò láti mọ ibi tó yẹ kó dá ẹsẹ̀ dúró, torí ìgbàkígbà tí oníbèèrè fúnra ẹ̀ ò bá ti mọ ìdáhùn, Hans náà kì í sábà gbà á.

Ọ̀sẹ̀ 4

Eṣinṣin pọ̀, mo ń kánjú, ó tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Èékánná dúdú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ 5

Ó ti ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, àmọ́ bí irin bá ṣe kan kòtò kan báyìí lábẹ́ pátákò, ó máa gbọ̀n rìrì, ó máa fa ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹrí síbẹ̀, òórùn ẹ̀ fẹ́ gbé mi ṣubú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà láàrin pátákò, nǹkan dúdú kan bí ọ̀dà wà níbẹ̀, ó ti ń jẹrà. Ẹni tó ń gé pátákò wá wò ó, ó ní ọ̀rinrin àti ìdọ̀tí ló fà á, ó bi mí pé ibo ni ẹṣin yìí máa ń dúró sí. Igun tí omi ìmu ẹ̀ ti ń jò sílẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ló sì máa ń wà nínú ẹrẹ̀ yẹn tó bá kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyẹn ni pé ó ń dùn ún láti ọ̀sẹ̀ 1. Lóòótọ́ mo kọ́ ọ ní jíjá ẹsẹ̀, àmọ́ ìrora ló kọ́kọ́ jẹ́ kó fẹ́ já a, èmi wá fi okùn nà án lé e. Ká ní mo ti họ ẹsẹ̀ yẹn dénú lọ́jọ́ kìíní ni. Mo ti tún ibi omi ṣe, mo kó ilẹ̀ tútù dànù, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń nù ún gbẹ, mò ń fi oògùn tí wọ́n ní kí n fi síbẹ̀ sí i láàárọ̀ lálẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 6

Òórùn ti lọ. Ọjọ́ Monday ìṣẹ́jú àáyá 15, ọjọ́ Wednesday 22, ọjọ́ Friday 40, èmi ni mo sì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, jẹ́jẹ́, kó tó rò ó. Ó kù kí ẹlòmíì mú un, àti kí n máa fi nǹkan gbá pátákò náà kó mọ ìró ẹ̀.

Wàhálà tuntun ti dé ṣá. Láti àná, bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ yẹn, Ọ̀gá máa ń gbé gbogbo ìdí ẹ̀ lé mi lórí itan, á di ojú, á jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Mo pe bàbá wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ó ti rí àga."