Pípààrọ̀ Súìṣì Ìgníṣọ̀n Nínú Chevrolet C10 Ọdún 1966

Nígbàkigbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù yìí dé ipò ìṣáná, ẹ́ńjìnnì a gba iná, a sì dún dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ tí ó sì fúnra rẹ̀ padà sí ipò ìrìn, ẹ́ńjìnnì a kú lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi rẹ̀ ru epo, àmọ́ bí epo kò bá dé dáadáa, ẹ́ńjìnnì kì í kú lásìkò kan náà pẹ̀lú ìgbà tí ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé kọ́ìlì, èyí tí ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, nínú ọkọ̀ yìí. Nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, agbára bátìrì máa ń relẹ̀, nítorí náà wáyà kan láti ojú R (ojú ni ibi tí a ń so wáyà mọ́) lára sólínọ́ìdì, súìṣì ńlá tó ń gbé iná fún sítátà, a máa gbé iná lọ sí kọ́ìlì ní tààrà. Bí a bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ọ̀nà yẹn a pa, iná a sì wá máa gba inú súìṣì ìgníṣọ̀n, èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń yí, kọjá sí rẹ̀sísítọ̀, èyí tí ń dín agbára rẹ̀ kù kí pọ́ìntì (irin méjì tó ń là tó sì ń pa ẹnu dé láti já iná kọ́ìlì) má baà tètè jóná. Ọ̀nà kejì yìí ni àrùn náà wà: yálà rẹ̀sísítọ̀ ti já, tàbí súìṣì ti gbó.

Mo gbà pé kò yẹ kí ènìyàn ra súìṣì tuntun kó tó mọ èwo nínú méjèèjì ni. Mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ títí pọ́ìntì fi pa ẹnu dé, nítorí pé bí ẹnu pọ́ìntì bá là, iná kò ní ṣàn, bí iná kò bá sì ṣàn, súìṣì tó ti bàjẹ́ lè fi iye tó pé hàn lójú mítà. Ojú BAT, ibi tí iná bátìrì ń gbà wọ súìṣì, fi fóólìtì 12.4 hàn, ojú IGN, ibi tí iná ń gbà jáde lọ sí kọ́ìlì, sì fi 9.7 hàn, bí mo ṣe ń mi kọ́kọ́rọ́ ni iye kejì ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Súìṣì tó dára kò yẹ kó jẹ ju nǹkan bíi fóólìtì 0.2 lọ. Mo tú wáyà kúrò lára rẹ̀sísítọ̀ láti wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, ó sì fún mi ní ọ́ọ̀mù 1.6, kò sí ohun tó ṣe é. Súìṣì ló jẹ̀bi.

Mo yọ ẹnu òdì bátìrì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí pé iná wà lára wáyà BAT nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà lójú súìṣì tàbí kò sí níbẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ACC (ipò tí rédíò ń gba iná láìtan ẹ́ńjìnnì), mo ti wáyà tín-ín-rín bọ ihò kékeré tó wà lójú sìlíńdà, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ síwájú sí i lápá òsì títí sìlíńdà fi jáde. Ẹ má ṣe ju sìlíńdà yìí nù o: inú súìṣì tuntun ni yóò padà sí, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo tú nọ́ọ̀tì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí súìṣì sì bọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tí mo fa púlọ́ọ̀gì wáyà kúrò, mo rí i pé ike ẹ̀gbẹ́ ojú IGN ti pọ́n, irin inú rẹ̀ sì ti dẹ̀. Fóólìtì tó ń sọnù ti di ooru síbẹ̀. Bí mo bá ti súìṣì tuntun bọ irin tó ti dẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò tún jóná bíi ti àkọ́kọ́, nítorí náà mo gé irin náà kúrò, mo sì fi tuntun tó fún dáadáa dì mọ́ wáyà.

Orí tábìlì ni mo ti dán súìṣì tuntun wò kí ó tó wọ ibi tó yẹ. Ní ACC, BAT àti ACC nìkan ló so pọ̀. Ní ipò ìrìn, IGN darapọ̀ mọ́ wọn. Ní ipò ìṣáná, ojú sítátà gba iná, IGN kò sì pa, ACC ló pa. Sípíríǹgì rẹ̀ sì dá a padà sí ìrìn láìlọ́ra. Dídá gbogbo rẹ̀ padà kò gba wàhálà.

Ní báyìí, fóólìtì 0.1 péré ni súìṣì ń jẹ, ẹ́ńjìnnì sì ń dún lọ lẹ́yìn tí mo bá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo ń wọn èyí, mo rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ kò pẹ́ ní ipò ìrìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, torí pé bí pọ́ìntì bá pa ẹnu dé, kọ́ìlì yóò máa gbóná láìdúró. Ojú ACC tó ń bọ́ rédíò ló kù tí n ó wọ̀n kí n tó di àwọn wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pọ̀.