Kò níhò, lọ ra túùbù wá

Ọ̀rọ̀ kan tí fọkanáísà sọ fún ọmọkùnrin tó ń ti bárò iṣu lọ́jà Kábà lónìí kò tíì kúrò létí mi. “Kò níhò. Lọ ra túùbù wá.” Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, bàbá,” ó sì ti bárò rẹ̀ lọ báyẹn, táyà pẹlẹbẹ. Ọjà kún. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Kò níhò. Ó lè jẹ́ òótọ́, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn. Táyà kékeré tí wọ́n kọ TUBELESS sí lára, ìyẹn èyí tí kò ní túùbù nínú, lè máa jò láìsí ihò lójú tó fi ń tẹ ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ fáàfù, tàbí píìnì inú fáàfù, tàbí etí táyà níbi tó ti fara kan ríìmù. Ẹni tó wo ojú táyà tí kò rí ìṣó, tí kò rí ẹ̀gún, kò tíì wo nǹkan kan.

Afẹ́fẹ́ tí táyà bẹ́ẹ̀ ń gbà kéré. Táyà mọ́tò tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí onímọ́tò tó fura. Bí ti bárò bá ń jò bákan náà, ilẹ̀ lè má mọ́ bá a. Wọ́n á wá rò pé ihò ńlá ni, wọ́n á wá a títí, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì ní…

Ẹ jọ̀ọ́, omi ọṣẹ. Kí wọ́n fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára (ti bárò sábà ń jẹ́ 30 PSI), kí wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi kó hó. Ẹnu fáàfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kán an sí. Bí ìfófòó bá wú níbẹ̀, píìnì ni. Kí wọ́n fún un le. Bí kò bá gbọ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Píìnì táyà mọ́tò bá a mu, ẹnikẹ́ni ò nílò láti wá ti bárò lọ́tọ̀. Erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa yìí ló ń wọ ibẹ̀ tí píìnì kì í fi pa ẹnu dé mọ́, torí náà ìdérí fáàfù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ẹsẹ̀ fáàfù ló kàn. Kí wọ́n da omi ọṣẹ sí i, kí wọ́n tẹ fáàfù náà sọ́tùn-ún, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sósì. Rọ́bà tó ti sán lè dákẹ́ bó bá dúró gbọọrọ, kó sì máa hó bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi táyà lélẹ̀, kí wọ́n da omi ọṣẹ yí etí ríìmù ká, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Jíjò etí ríìmù kì í wú ńlá. Ìfófòó funfun wẹ́wẹ́ ni, ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí i. Kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wo apá kejì. Bí agbada tó gba gbogbo táyà bá sì wà, kí wọ́n rì í sómi, ó parí.

Ta ló ń ba fáàfù wọ̀nyẹn jẹ́ gan-an? Ẹni tó ń fẹ́ wọn ni. Ríìmù ínǹṣì mẹ́jọ, tàbí mẹ́rin ti àwọn ọmọlanke kékeré, ààyè ò sí láàárín fáàfù àti họ́ọ̀bù, àárín àgbá. Ẹnu páìpù tó gùn gbọọrọ kò lè wọlé, ni wọ́n á bá fi àtàǹpàkò tẹ fáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi agídí ti páìpù bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀, lójoojúmọ́, nínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ń sán. Ẹnu páìpù tó tẹ̀ kọ́rọ́ wà, rọ́bà kúkúrú tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu fáàfù náà wà, kí wọ́n lè fẹ́ ẹ láti òde. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tú u kúrò tí wọ́n bá parí: ohun tó bá gùn jáde lẹ́nu fáàfù á máa fì ín bí àgbá ti ń yí, yóò sì tún já ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni.

Fáàfù tó ti sán kò ní àtúnṣe ju pípààrọ̀ lọ. Nínú àwọn fáàfù tí wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní TR412 ló kúrú, òun ló yẹ fún ibi tó há. TR413 gùn jù ú lọ. Ihò ríìmù mílímítà 11.5 ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, torí náà kí wọ́n wọn ihò náà kí wọ́n tó lọ rà á. Kò di dandan kí táyà jáde tán: kí wọ́n yọ píìnì, kí afẹ́fẹ́ tán, kí wọ́n ti etí kan kúrò lára ríìmù, kí ọwọ́ lè wọ inú. Wọ́n á gé èyí àtijọ́, wọ́n á fi sánpépà ha ìpẹtà kúrò létí ihò, torí ìpẹtà tó bá kù níbẹ̀ á gé rọ́bà tuntun. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe ọ́ìlì, kì í ṣe kẹrosíìnì; àwọn yẹn ń jẹ rọ́bà. Láti inú ni wọ́n ti ń fà á jáde, títí tí ọrùn rẹ̀ fi bọ́ sójú ihò.

Àbí kí n má tiẹ̀ dá fọkanáísà yẹn lẹ́bi? Iye tó ń gbà láti lẹ ihò ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ta ló máa sanwó fún un torí pé ó jókòó ń wo ìfófòó?

Túùbù náà sì lẹ́tọ̀ọ́ nígbà mìíràn, mi ò lè parọ́. Ríìmù tí ìpẹtà ti jẹ dé inú kò lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́. Ríìmù tó jẹ́ abala méjì tí wọ́n fi nọ́ọ̀tù so pọ̀, túùbù ló ń lò. Ìyẹn léwu o: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù abala wọ̀nyẹn kí afẹ́fẹ́ tó tán pátápátá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ túùbù ríìmù kékeré, èyí tí fáàfù rẹ̀ tẹ̀, TR87, ni kí wọ́n béèrè, kí ẹnu páìpù lè rí i. Ṣùgbọ́n túùbù inú táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa yọ̀ lórí ríìmù títí yóò fi já fáàfù rẹ̀. Nítorí náà, “lọ ra túùbù wá” kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀…

Ríìmù tó pẹtà díẹ̀ ṣì ṣe é gbà là. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, sánpépà, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ dáadáa. Táyà tó ti pẹ́ ní pẹlẹbẹ kì í fẹ́ kan ríìmù mọ́: kí wọ́n fi okùn di ojú rẹ̀ yí ká, kí wọ́n fi igi lọ́ ọ títí etí méjèèjì á fi yọ síta, kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa á, kí wọ́n fẹ́ ẹ láìsí píìnì kí afẹ́fẹ́ lè ya wọlé. Bó bá ti ń mú, kí wọ́n tú okùn. Kò gbọdọ̀ ju 40 PSI lọ, kí ojú ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn. Àwọn tó ń da epo sí i kí wọ́n ṣáná, ẹ dákun, ẹ jáwọ́.

Ìṣó ojú táyà ní tirẹ̀ kò le: okùn rọ́bà àti sọlúṣọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò gbà á.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Bárò tí táyà rẹ̀ ń jò, kí ẹrù má sùn lórí rẹ̀. Ẹrù ló ń tẹ etí táyà kúrò lára ríìmù lóru. Kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, kí wọ́n dojú bárò délẹ̀, kí àgbá wà lókè.