Dúdú Wo? Àwọ̀ Tí Mo Fi Sẹ́yìn Àpótí Iyùn Mi

Ẹni tó bá gbọ́ iyùn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọrùn ọba tàbí ọrùn ìyàwó ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Iyùn tèmi ṣì wà láàyè, ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni. Ó máa ń là lówùúrọ̀, á sì pa ara rẹ̀ dé tí iná bá kú lálẹ́. Inú àpótí dígí kan ní pálọ̀ mi ní Àṣẹ́rò ló ń gbé. Àpótí náà gùn ní sẹ̀ntímítà 90, ìbú rẹ̀ jẹ́ 45, gíga rẹ̀ náà 45. Abẹ́òkúta kò sí létí òkun, odò Ògùn ni tiwa, nítorí náà èmi fúnra mi ni mò ń po omi òkun: giramu 35 iyọ̀ sí lítà omi kan, iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe, òun ni kò jẹ́ kí páǹpù mi dákẹ́ nígbà tí iná bá lọ.

Ẹja kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní clownfish ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú blue damsel kan, ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù, àti irú iyùn mẹ́ta. Green star polyps ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ó dà bí ẹní koríko tútù tó ń mì lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yìn àpótí yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi gba oorun lójú mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ to àpótí náà, stíkà aláwòrán ìsàlẹ̀ òkun ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló lò. Omi iyọ̀ tó ń ta jáde ń yọ́ gba àárín stíkà àti dígí. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, stíkà á wá lé ròrò bí ọwọ́ tí iná jó. Àwòrán ara rẹ̀ gan-an tún dùn mí ju ròrò yẹn lọ. Iyùn tó ń mí dúró níwájú iyùn orí bébà, ojú èèyàn ò wá mọ èyí tí yóò wò. Mo fi omi gbígbóná àti bíléèdì hó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin iyùn ló máa sọ fún ọ pé dúdú ni kí o lò. Àwọn mìíràn á ní búlúù ni, nítorí òkun. N kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìfi ojú ara mi rí i, aṣọ ò sì wọ́n nílé wa. Aláró ni ìyá mi, Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ kí wọ́n tó bí mi. Mo gba aṣọ funfun kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba àyìnrín kan, ìyẹn búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ra aṣọ kan tó dúdú bíi kóró iṣin lọ́jà. Mo ń fi péègì há wọn sẹ́yìn dígí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wò wọ́n láàárọ̀, mo ń wò wọ́n lọ́sàn-án nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá wọlé, mo sì tún ń wò wọ́n lálẹ́ nígbà tó bá ku iná búlúù orí àpótí nìkan.

Funfun kọ́kọ́ dára. Gbogbo pálọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́: ìwọ̀nba yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lára dígí, tí n kò rí tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn sójú, pẹ̀lú wáyà àti páìpù. Àwọn clownfish mi sì ṣá. Ìyẹn kì í ṣe ojú mi nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹja ló máa ń bá àyíká wọn yí àwọ̀: níbi tó bá mọ́lẹ̀, ohun dúdú tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ wọn á kó jọ sójú kan, níbi tó bá ṣókùnkùn á tàn ká. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ládùúgbò wa mọ èyí dáadáa, ẹja inú táńkì tó mọ́ kì í dúdú tó ti inú kòtò ẹlẹ́rẹ̀.

Àyìnrín ni ọkàn mi ti wà láti ilẹ̀. Mo rò pé òun ló jọ òkun jù. Lọ́sàn-án, ó dára díẹ̀. Alẹ́ ni ó já mi kulẹ̀. Iyùn ní èròjà kan nínú ara rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, tí á sì tan án padà ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn. Nítorí èyí ni iyùn fi ń tàn lábẹ́ iná búlúù bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ àyìnrín náà ń gba búlúù yẹn, ó ń tàn án padà tààrà sójú mi, iyùn wá di ẹni ẹ̀yìn nílé ara rẹ̀. Blue damsel mi sọnù pátápátá. Tó bá yí padà, mo máa ń rí ojú rẹ̀, n kì í rí ara rẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro òkun fúnra rẹ̀. Omi ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀ pupa kí ó tó lọ jìnnà, búlúù ló ń kù. Búlúù òkun, jíjìn ló bí i. Omi tèmi kò jìn ju sẹ̀ntímítà 45 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí mo bá fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ dí ẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ni mò ń sọ fún ojú pé ibí ni omi parí sí.

Aṣọ dúdú yanjú ti alẹ́. Iyùn tàn bíi tanná-tanná, wáyà pòórá, blue damsel padà wálé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ra ọ̀dà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sán ni kò jẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá wọlé, aṣọ náà kú síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, omi tó wà níwájú rẹ̀ kò sì fún un ní ohunkóhun.

Aṣọ yẹn ni ìyá mi bá lẹ́yìn dígí nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, "Màámi, ó jọ pé dúdú la máa lò o."

Ó ní, "Dúdú wo?"

Mo ní dúdú náà ni.

Ó ní, "Àkànní, dúdú aró àti dúdú èédú, ṣé o ti wá ń pè wọ́n ní ọ̀kan náà, ìwọ tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni mo ti ń wo bí aṣọ ṣe ń jáde nínú aró ẹlú. Kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, bí omi ẹ̀fọ́, tí afẹ́fẹ́ bá wá fẹ́ sí i, á máa yí lójú rẹ báyìí, láti etí aṣọ wọ àárín, títí yóò fi di búlúù. Rírẹ díẹ̀ ló ń bí àyìnrín. Wọ́n á tún rẹ ẹ́, wọ́n á tún sá a sáfẹ́fẹ́, wọ́n á tún rẹ ẹ́, búlúù á máa jìn sí i títí a ó fi máa pè é ní dúdú. Búlúù náà kò kúrò níbẹ̀. Ìyá mi tú ọ̀kan nínú ẹrù rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé. Ibi tí aṣọ náà ti ká ń dán bíi bàbà.

A há a sẹ́yìn dígí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lókè, níbi tó súnmọ́ iná, mo rí búlúù. Bí ojú mi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dínkù, tí aṣọ náà ń ṣókùnkùn, àwọ̀ kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n ó ń yí bí omi jíjìn ṣe ń yí. Lálẹ́, gbogbo rẹ̀ di dúdú, iyùn sì gba ipò rẹ̀. Ìyá mi jókòó síwájú rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, obìnrin tí kì í jókòó.

Aṣọ kò lè wà níbẹ̀ títí. Ọ̀rinrin iyọ̀ á bà á jẹ́, n kò sì fẹ́ kí aró kán sínú omi ohun ẹlẹ́mìí. Mo gé pélébé kan lára rẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan ní Pánṣẹ́kẹ́, pẹ̀lú àfọ́kù dígí kan. Dígí yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀dà tútù kì í jọ ọ̀dà gbígbẹ, èyí tí a sì ń wò látẹ̀yìn dígí tún yàtọ̀ sí èyí tí a ń wò lójúkojú. Ọlọ́dà náà ń kán dúdú sínú búlúù díẹ̀díẹ̀, èmi ń kùn ún sára dígí, mo ń fẹ́ ẹ gbẹ, mo ń yí i sódì, mo ń fi í wé aṣọ náà. Ẹ̀ẹ̀keje ló tó mú un.

Ọ̀dà olómi ni mo rà, kì í ṣe olóróró, nítorí bíléèdì lè fá a kúrò lára dígí lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ pààrọ̀. Ìta dígí ni wọ́n ń kùn ún sí o, ẹ má ṣe kùn ún sínú láéláé. Mo kó àwọn òkúta, iyùn àti ẹja sínú àgbá méjì pẹ̀lú páǹpù wọn, mo fa omi inú àpótí gbẹ, mo sì gbé e kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ti ń sè é. Mo fi spírítì nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi téèpù dí etí rẹ̀, mo wá fi rólà fóòmù kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìkùn àkọ́kọ́ burú débi pé ìyàwó mi béèrè bóyá omi ni wọ́n tà fún mi. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín kí ẹ má bàa kùn ún nípọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kùn. Lẹ́yìn ìkẹta, mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú àpótí nínú òkùnkùn, mo lọ dúró sẹ́yìn. Ihò méjì péré ni ìmọ́lẹ̀ ti yọ, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí wọn.

Dígí tí a kùn lọ́dà tún ní ohun kan tí aṣọ kò ní. Afẹ́fẹ́ kò sí láàárín ọ̀dà àti dígí, òjìji ẹja tí mo máa ń rí nínú dígí ẹ̀yìn nígbà aṣọ sì dínkù gidigidi.

Oṣù méjì rèé. Ohun líle kan tó ní àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò ti ń hù sára dígí ẹ̀yìn láti inú. Kálísíọ́ọ̀mù inú omi ló fi ń kọ́ ara rẹ̀, àmì pé omi náà dára ni, tí a bá sì fi í sílẹ̀ yóò bo gbogbo ẹ̀yìn náà. Ojú kékeré mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù, kò sí èyí tó ju orí píìnì lọ. Mo fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún un, kó bo ibẹ̀, kó bo páǹpù mọ́ ọn. Apá òsì, níbi tí iyùn dúró sí, ni mò ń fi káàdì ike kan fá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.